Hóró Àgbàdo Nínú Ẹ̀wà Sòmálíà

Bàbá mi tí mò ń ṣàárò,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti mú bírò kọ lẹ́tà gbẹ̀yìn. Ọwọ́ mi ti gbàgbé, ọ̀rọ̀ náà sì ń lọ́ra bí ìgbín tó ń gun òkè. Bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ kan tán, màá dúró wò ó, màá bi ara mi pé ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyí. Ẹ ó rí i pé ìlà mi kò gún. Orí àpótí aṣọ mi ni mo gbé ìwé lé, ìdérí rẹ̀ kò sì tẹ́jú. Ẹ fi àpótí náà sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí n tó kọ ohunkóhun, ìsàlẹ̀ ìwé ni mo kọ́kọ́ lọ, mo ti kọ ìdágbére mi síbẹ̀ ná. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ṣe sójà, ìsàlẹ̀ lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó dágbére, ẹ ó fa ìlà sí i nídìí, kí ẹ tó padà sókè lọ kí ẹni náà. Ẹ ní ẹni tó wà ní àgọ́ sójà kò mọ ìgbà tí wọ́n máa pè é dìde, kò sì dára kí lẹ́tà lọ bí ọmọ tí kò ní bàbá. Èmi náà kò mọ ìgbà tí wọ́n máa pè mí. Ìyàwó tuntun ni mí.

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo ti lọ sílé ọkọ, ó ti di oṣù karùn-ún báyìí. Ọ̀kà ni, kò jìnnà sí ilé wa ní Ìkàrẹ́. Bí ọlọ́kadà bá gbójú, ìyá mi lè se ọbẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí mi kó má tíì tutù. Láàárọ̀, bí kùrukùru bá ti kúrò lórí àpáta, màá dúró lẹ́yìn ilé ìdáná, màá máa wo apá ibi tí Ìkàrẹ́ wà, bí ẹni pé mo máa rí yín níbẹ̀ tí ẹ ń fọ bàtà yín.

Àbúrò yín ló dúró ní ipò yín lọ́jọ́ ìdána. Ó gbàdúrà dáadáa. Ó tilẹ̀ gùn jù, àwọn ará Ọ̀kà bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Nígbà tí wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi, iwájú rẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí mi, ṣùgbọ́n ìka yín tó wọ́ yẹn ni mò ń wá. Ṣé ẹ rí mi lọ́jọ́ náà? Ṣé ẹ rí i bí gèlè mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́?

Káfíńtà ni ọkọ mi. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí òun bá dákẹ́ tí èmi náà dákẹ́, ẹ̀rín ló máa ń pa wá. Ojú ṣì ń tì mí láti sọ "ọkọ mi" níta gbangba, ó rọrùn láti kọ ọ́. Ẹ wò ó, mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Inú ìwé yín ni mò ń kọ èyí sí, ìwé yín tó ní èèpo aláwọ̀ ewé, tí ẹ gbé bọ̀ láti Sòmálíà. Nígbà tí mò ń di ẹrù ìyàwó, ìyá mi ní kí n mú ìkòkò ńlá. Mo mú ìkòkò, mo sì fi ìwé náà sínú rẹ̀, mo dé e. Ojú ìwé tó kù láìkọ pọ̀. Àwọn tí ẹ kọ ṣì hàn dáadáa, ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ pín wọn sí: ọ̀rọ̀ tiwa lápá òsì, ti Sòmálì láàárín, ti Ítálì lápá ọ̀tún. Omi: bíyò: ákúà. Ìyá: hóòyò: màmá. Ẹ ṣé: máhádsánìd: gírásíè. Bí etí yín ṣe gbọ́ ọ lẹ ṣe kọ ọ́.

Mo rántí ìtàn bàbá arúgbó tó ń ta tíì lẹ́bàá àgọ́ yín ní Mògàdíṣù. Wọ́n rán yín lọ parí ìjà, ẹ kò mọ èdè ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì mọ tiyín. Ẹ ó tọ́ka sí nǹkan, ẹ ó dákẹ́. Bàbá onítíì á pe orúkọ rẹ̀ lédè tirẹ̀, á tún pè é lédè Ítálì, nítorí pé àwọn sójà Ítálì náà wà níbẹ̀, àwọn náà ń mu tíì lọ́dọ̀ rẹ̀, òun sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà. Ẹ ní ó yà yín lẹ́nu. Ẹ rò pé èdè òyìnbó kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn dúdú ń kọ́ nílé ìwé. Ẹ kò mọ̀ pé àwọn ará Ítálì ti jọba lórí wọn níbẹ̀ rí, tí wọ́n kọ́ ọ́fíìsì, tí wọ́n kọ́ ilé ìwé, tí wọ́n sì kọ́ àwọn ènìyàn náà láti máa jẹ sùpàgẹ́tì. Nígbà tí ẹ débẹ̀, àwọn arúgbó nìkan ló ṣì ní èdè náà lẹ́nu. Ẹ ní bí àlejò bá lọ tán, ó lè gbàgbé fìlà rẹ̀ sílé onílé. Èdè yẹn ni fìlà náà.

Sùpàgẹ́tì! Bàbá, ẹ̀ bá ti kìlọ̀ fún mi o.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́ńbélé tó pọ́n, tí ẹ ó gé e sórí sùpàgẹ́tì tó ní ata, tí ẹ ó máa jẹ ẹ́ pọ̀, tí ìyá mi á kọ ẹ̀yìn sí yín kó má baà rí i. Ẹ ní bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní Sòmálíà nìyẹn. Láti kékeré ni mo ti ń bá yín jẹ ẹ́. N kò mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn kì í jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ilé ọkọ, mo ní kí n ṣe oúnjẹ àrà, mo se sùpàgẹ́tì, mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí rẹ̀, mo gbé e síwájú wọn. Ọkọ mi wo àwo, ó wò mí.

"Ìyàwó mi, ṣé ọ̀bọ ni wọ́n sọ fún ọ pé o fẹ́ ni?"

Ó sì jẹ ẹ́ tán, ó lá ṣíbí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò jẹ ẹ́. Màmá rọra fi ìka kan ti àwo náà sẹ́yìn, ó ń wo sùpàgẹ́tì yẹn bí ẹni tó rí ẹni tó mọ̀. N kò mọ ohun tó dé. Mo rò pé iyọ̀ ló pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Màmá fún yín. Ọmọ Ìpè ni, ọkọ ló gbé e wá sí Ọ̀kà. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará Ìpè ní èdè tiwọn. Ó ń bá wa sọ Yorùbá nínú ilé, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara, ṣùgbọ́n bí ó bá ń ya ewé fún ewúrẹ́, tàbí tó ń lé adìyẹ, èdè Ìpè ni. Á máa sọ ọ́ lọ títí, á dákẹ́ bí ẹni tó ń retí èsì, á tún máa sọ ọ́. Ọkọ mi gbọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi ń dá a lóhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkàn mi sọ fún mi pé èmi ni Màmá ń bú fún ewúrẹ́. Mo máa ń dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ojú á máa tì mí, n kò ní lè jáde, n kò sì ní lè padà.

Nígbà náà ni mo rántí ẹ̀kọ́ yín. Ẹ máa ń sọ pé ẹni tí kò lóhùn ló ń kọ́ èdè jù, nítorí pé etí rẹ̀ ṣófo. Mo gbé ìwé yín, mo fa ọ̀nà kẹrin fún èdè Ìpè. Bí Màmá bá pe nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì níwájú ewúrẹ́, màá sá wọlé lọ kọ ọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò mọ lẹ́tà tó lè gbà wọ́n, mo kàn fa ìlà wọ́kọwọ̀kọ síbẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé lọ́jọ́ kan, màá ṣàdédé dá a lóhùn, inú rẹ̀ á sì dùn.

Ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń ṣe é. Ẹ ti sọ fún mi rí pé ẹ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ sójà ní Sòmálíà fún odindi ọjọ́ méjì, eruku lójú, eruku lẹ́nu, ibi yòówù kí ẹ dúró sí, bíyò náà ni wọ́n ń pe omi. Ẹ ní àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́bàá odò ní bí wọ́n ṣe ń sọ tiwọn tó yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò yọ yín lẹ́nu. Ẹ ní àwọn darandaran wọn á da ràkúnmí kọjá sí Ẹtiópíà, á dà á dé Kẹ́ńyà, wọ́n á bá àwọn ènìyàn wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ èdè kan náà. Lókè pátápátá ní Jìbútì, òun náà ni. Àwọn òyìnbó fa ààlà sórí ilẹ̀ wọn, èdè kò rí ààlà náà. Àwa ńkọ́? Láti Ìkàrẹ́ dé Àrìgìdì, iyán tí ènìyàn jẹ kò tíì dà nínú rẹ̀ tí èdè á ti yí. Báwo ni ilẹ̀ gbígbẹ tó tóbi tó yẹn ṣe ní èdè kan, tí Àkókó wa tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ní tó bẹ́ẹ̀? Mo bi yín léèrè yìí nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ó lè jẹ́ pé òkè ló fà á, pé ẹni tó bá ní òkè lẹ́yìn ilé rẹ̀ kì í gbọ́ ohun tí ará ẹ̀yìn òkè ń sọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́? Ẹ ti wà níbi tí ẹ ti lè mọ̀ báyìí.

Nǹkan kan wà nínú ilé yìí tí n kò mọ̀. Fọ́tò kan wà lára ògiri ní yàrá Màmá, fọ́tò obìnrin kan tó fi ọwọ́ kan ìbàdí, tó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. N kò lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ìyàwó ilé kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ. Àǹtí ni mo máa pè é. Ọkọ mi ní ó rìnrìn àjò. N kò bèèrè ibi tó lọ. Ẹ mọ̀ mí.

Ní ọjọ́ kan báyìí, mo lọ sí ọjà Ìkàrẹ́ lọ ra ìṣó fún ọkọ mi, mo sì yà kí ìyá mi. Nígbà tí mo máa fi padà dé lọ́sàn-án, Màmá jókòó sí iwájú ilé ìdáná, àtẹ ẹ̀wà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣa ẹ̀wà. Ìwé yín wà lórí ẹ̀wà náà. Ọkọ mi dúró lápá kan, ayùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Tíṣà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ará ilé kejì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Màmá ti rí ìwé náà láàárín ẹrù mi, ó sì pè é wá kó kà á sí òun létí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ta ló ń kọ́ ọ?"

"Màmá, ẹ..."

"Mo ní ta ló ń kọ́ ọ! Ṣé obìnrin kan ló wá bá ọ lọ́jà Ìkàrẹ́? Ó ní irun lo máa máa ṣe? Àbí ó ní ọmọ òyìnbó lo máa máa gbé pọ̀n?"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀," ni ọkọ mi wí.

"Má sọ ìyẹn fún mi! Bí o ṣe ní kí n fara balẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ di báàgì!"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀, Bàbá. Ítálì ni Àǹtí lọ. Ó ti pé ọdún kẹfà. Obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ dáadáa ló wá mú un, bí wọ́n ṣe ń mú àwọn ọmọbìnrin láti apá ibí lọ. Kí ó tó lọ, ó ní ìwé kékeré kan tó ń kà nílé ìdáná bí ó bá ń ro ọkà: ákúà, gírásíè, ákúà, gírásíè, títí Màmá fi há a sórí láìfẹ́. Ó fi ohùn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní òun ti dé, ó ní sùpàgẹ́tì ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Láti ìgbà náà, kò sí ìró. Nígbà tí Bàbá Tíṣà ka "ákúà" jáde nínú ìwé yín kí n tó dé, Màmá dìde, ó wọ yàrá mi, ó gbé àpótí aṣọ mi, ó lọ tì í mọ́ abẹ́ ibùsùn tirẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sí àyà. Ó ní kò sí ẹni tó máa tún ti ilé òun lọ sí Ítálì.

Gbogbo wọn ń wò mí. Ẹ mọ bí mo ṣe máa ń rí. Mo ní kí n sọ pé bàbá mi ni, sójà ni, Sòmálíà ni, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "bàbá mi" nìkan, omijé sì tẹ̀ lé e.

"Bàbá rẹ tó ti kú ló ń rán ọ lọ sí Ítálì?" Bàbá Tíṣà ló sọ ìyẹn. N kò mọ̀ bóyá àwàdà ni.

Ẹ̀wà ló gbà mí, Bàbá. Mo wo àtẹ yẹn, mo sì rántí bí ẹ ṣe máa ń fi òkúta wẹ́wẹ́ tò ó sílẹ̀ fún mi ní ẹ̀yìnkùlé, ibí ni Sòmálíà, ibí ni ọkọ̀ wa gbà. N kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi lè sọ ọ́. Mo sún mọ́ Màmá lórí orúnkún, mo gbé ìwé kúrò, mo fi ọwọ́ ti ẹ̀wà sí apá kan àtẹ, mo tẹ́ ẹ. Mo dìde, mo já àgbàdo kan lára àwọn tí wọ́n so rọ̀ sókè àdògán fún irúgbìn. Mo rí ojú Màmá nígbà tí mo já irúgbìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo yin hóró rẹ̀ díẹ̀ sí apá kejì àtẹ, òkìtì kékeré kan.

"Ẹ̀wà ni èdè Sòmálì," ni mo wí. Ohùn mi kéré. "Ibí ni bàbá mi lọ. Sójà ni. Wọ́n rán an ni. Ẹ wò ó, Màmá, èdè náà gba Sòmálíà, ó ya wọ Ẹtiópíà, ó ya wọ Kẹ́ńyà, ó kan Jìbútì níhìn-ín. Ìlú mẹ́rin, ẹ̀wà kan náà."

"Àgbàdo ńkọ́?" Màmá kò wo ojú mi, àtẹ ló ń wò.

"Àgbàdo ni Ítálì. Kò fẹ̀ bí ẹ̀wà. Ojú kan ló kóra jọ sí."

Bàbá Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Ẹ dúró ná. Ọmọ yìí mọ nǹkan kan." Ó lọ sílé rẹ̀, ó gbé ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé kan bọ̀ tí eku ti jẹ etí rẹ̀. Ó fi Ítálì hàn wá, bí ẹsẹ̀ tó wọ bàtà, tó na ara rẹ̀ sínú òkun. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ó ní kí n fi hóró méjì sókè díẹ̀, nítorí pé apá ìsàlẹ̀ Súwísáláǹdì náà ń sọ ọ́. Kí n fi ẹyọ kan sí àárín òkìtì fún ibi tí Póòpù ń gbé. Ó tún sọ ohun kan tí ẹ̀yin kò sọ fún mi: ó ní nínú Ítálì gan-an, àwọn ìyá àgbà ìlú kan ní bí wọ́n ṣe ń sọ tiwọn, tí ará ìlú kejì lè má gbọ́. Bí Àkókó. Ṣé ẹ mọ ìyẹn?

Lẹ́yìn náà ni mo mú hóró àgbàdo mẹ́ta tó ti gbẹ tí kòkòrò ti jẹ lára, mo jù wọ́n sáàárín ẹ̀wà.

"Kí ni àwọn wọ̀nyí wá ṣe níbẹ̀?" ni Màmá bèèrè.

"Àwọn bàbá arúgbó ní Mògàdíṣù ni. Àwọn ará Ítálì ló kọ́ wọn nígbà láéláé. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ bàbá mi. Ibẹ̀ ni ákúà ti dé inú ìwé mi, Màmá. Kì í ṣe obìnrin kankan."

Bàbá Tíṣà ṣí ìwé yín padà, ó ń kà á sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Nígbà tó dé orí ìyá, ó kà á pé: "Ìyá, hóòyò, màmá." Ó dúró. "Hà! Wọ́n ń pe ìyá ní màmá ní Ítálì?" Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè jẹ́jẹ́ pé, ṣé ó túmọ̀ sí pé bí ọmọ òun bá ké pe òun níbẹ̀, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á mọ ẹni tó ń pè?

Ọkọ mi gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó tì í.

Màmá tẹ̀ síwájú, ó ń fi ìka ti àwọn hóró náà kiri. Ó fẹ́ mọ̀ pé bí ọmọ òun bá ti kúrò ní òkìtì àgbàdo yẹn, níbo ló tún lè wà tí ẹnu rẹ̀ á gbà? Mo ní ibẹ̀ kò pọ̀, Màmá. Òkìtì yìí ni, àti hóró méjì òkè yìí. Bí ó bá jẹ́ pé Sòmálì ló kọ́, ìlú mẹ́rin la máa wá a dé, pẹ̀lú aṣálẹ̀ láàárín. Ṣùgbọ́n Ítálì ni. Ojú kan ló wà. Màmá wo òkìtì náà pẹ́. Ó ti máa ń rò pé ilẹ̀ òyìnbó kò lópin, pé ọmọ òun ti rì sínú rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ nínú odò. Ó mú hóró àgbàdo kan láàárín òkìtì, ó fi sí etí ìró rẹ̀, ó ta á ní kókó. Lẹ́yìn náà ló da ìyókù pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, ó ní òun máa se àdàlú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jẹ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Sòmálíà àti Ítálì, àti ibi tí Póòpù ń gbé.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó jí, àpótí mi ti wà ní ẹsẹ̀ ibùsùn mi. Òun náà ni mo gbé ìwé lé lórí yìí.

Láti ìgbà náà, a ti dá ọjà kan sílẹ̀, èmi àti Màmá. Bí a bá ti ń ṣa ewébẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, á ní kí n fún òun ní ọ̀rọ̀ Ítálì kan, èmi náà á sì gba ti Ìpè kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí ọmọ òun bá padà dé lọ́jọ́ kan tí ó ti gbàgbé èdè ilé, òun fẹ́ lè kí i lẹ́nu ọ̀nà lédè tó bá gbé bọ̀. Mo rò pé Àǹtí gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀ níwájú ewúrẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọkọ mi sọ fún mi pé Àǹtí nìkan ló máa ń fi èdè Ìpè dá Màmá lóhùn nínú ilé yìí. Láti ọjọ́ tó ti lọ, kò sí ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ Ítálì tó wà nínú ìwé yín kò tó ọgọ́ta, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń tán lọ. Kí ni màá ṣe bó bá tán? Bàbá Tíṣà ní fáda kan wà tó kàwé ní ọ̀dọ̀ Póòpù níbẹ̀, ó ní òun máa bá wa bèèrè bóyá lẹ́tà lè wá ẹnìkan ní Ítálì láìní àdírẹ́sì, nípasẹ̀ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Màmá ní èmi ni màá kọ lẹ́tà náà. Èmi, pẹ̀lú ọwọ́ yìí! Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ sí yín, kí ọwọ́ mi lè tú. Ẹ̀yin kò ní fi mí ṣẹ̀sín. Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ẹni tí a kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè? Sí ẹni tó ti kú, mo ti rí i pé kò le.

Ohun kan ń dùn mí, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́. Ní ìgbà tí àìsàn yín ti wọ̀ yín lára, tí mo ti kúrò nílé ìwé ní ọdún kejì sẹ́kọ́ńdìrì kí n lè dúró tì yín, ẹ ní kí n wá ka ìwé yìí sí yín létí. Mo ní mò ń lọ pọnmi. Omi wà nínú àmù, Bàbá. Ó kún. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Nígbà tí mo fi padà wọlé, ẹ ti sùn, ẹ kò sì tún bèèrè mọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi ní nǹkan kan tó kù lọ́jọ́ náà? Tàbí ẹ kàn fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá onítíì yẹn lẹ́nu mi? Mo ti ń kà á sókè báyìí lójoojúmọ́, láti omi dé ìparí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó tó yín.

Mo tún fẹ́ sọ fún yín pé bí Ọlọ́run bá fún wa lọ́mọ, mo ti ń rò ó, mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń rò ó, èdè wo ni á kọ́kọ́ fi bèèrè omi nínú ilé yìí, ti Ìkàrẹ́ ni àbí ti Ọ̀kà, tàbí kó jókòó ti Màmá ní ẹ̀yìnkùlé kó

Màmá ń pè. Bàbá, ẹ gbọ́ bí? Kì í ṣe Yorùbá ló fi pè mí. Èdè Ìpè ni, kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀, wọ́n ti jẹko lọ, èmi ni ó ń bá sọ̀rọ̀, omi ló ní kí n bù wá, mo sì ti dìde kí n tó rántí pé n kò gbọ́ èdè yìí tẹ́lẹ̀. Omi kò sí nínú àmù lónìí, mò ń lọ pọn ọ́n lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n kàn sọ fún yín pé

Ẹ sinmi o, Bàbá mi, ẹ fi bàtà yín sílẹ̀ fún mi láti fọ̀.
Èmi ni, ọmọ yín tí kò lóhùn, tí etí rẹ̀ ṣófo dè yín títí láé.